Ṣé ká mú Màmá lọ sí Erékùṣù Mímọ́? Ìdáhùn fún ìdílé kan tó fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́ta rìn ní etíkun Northumberland

Ìyá ọlọ́mọ méjì kan tó ń gbé ní London kọ̀wé sí mi pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù Kẹjọ. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, orúnkún sì ń dùn wọ́n díẹ̀. A fẹ́ fi mọ́tò wa gbé wọn lọ sí etíkun Northumberland ní àríwá England fún ọjọ́ mẹ́ta: Lindisfarne, Bamburgh, Alnwick, Dunstanburgh àti Berwick. A tún fẹ́ kí àwọn ọmọ wẹ̀ nínú òkun, kí wọ́n sì rí ẹyẹ puffin. Ṣùgbọ́n ẹnì kan fi fídíò kan hàn wọ́n níbi tí òkun ti bo mọ́tò mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà Lindisfarne. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ní àwọn ò lọ síbi tí omi ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn. Ọkọ mi ní ojoojúmọ́ ni mọ́tò ń lọ tó ń bọ̀ níbẹ̀. Ta ni ká gbà gbọ́? Báwo la ṣe máa tò ó?"

Ẹ kú ojú lọ́nà Màmá, àbúrò mi. Newcastle ni mò ń gbé, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń mú ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àwọn ará ìjọ rin etíkun yìí, nítorí náà ìbéèrè yín kò ṣàjèjì sí mi. Ohun méjì ni mo gbọ́ nínú rẹ̀. Èkínní ni pé ṣé ibi tí ẹ fẹ́ mú àgbàlagbà lọ kò ní di wàhálà sí wọn lọ́rùn. Èkejì, tí ẹ kò là mọ́lẹ̀, ni pé ṣé ọjọ́ mẹ́ta gba gbogbo ibi tí ẹ kà sílẹ̀ yìí. Màmá lè lọ, wọ́n á sì gbádùn rẹ̀, bí ẹ bá lè jẹ́ kí òkun bá yín yan wákàtí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta kò gba gbogbo ibi tí ẹ kà sílẹ̀. Ẹ máa ní láti yọ méjì kúrò, ó kéré tán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ fídíò yẹn palẹ̀. Lindisfarne, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Holy Island, Erékùṣù Mímọ́, kì í ṣe erékùṣù ní gbogbo ìgbà. Kò sí afárá gígùn tó dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò nílò ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀nà ọlọ́dà kan ló wà níbẹ̀, wọ́n ṣí i ní 1954, orí ilẹ̀ òkun gan-an ni wọ́n sì tẹ́ ẹ lé. Bí omi bá fà, iyanrìn àti ẹrọ̀fọ̀ ni ẹ ó máa rí lọ́tùn-ún lósì títí ojú yín á fi rẹ̀, mọ́tò á sì máa kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí omi bá kún, ọ̀nà náà á wà lábẹ́ òkun. Bí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni èyí ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ yín tọ̀nà lórí mọ́tò, ti Màmá sì tọ̀nà lórí omi. Mọ́tò tí wọ́n rí nínú fídíò, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ẹni tó wà á ti kọjá àkókò kó tó bọ́ sójú ọ̀nà. Òkun ibẹ̀ kì í yọ síni lójijì. Wọ́n ti kọ wákàtí tó máa dé sílẹ̀ ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú.

Òṣùpá ló ń fa omi òkun, oòrùn sì ń bá a dá sí i. Láti ìkún kan dé èkejì jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25, ìdí sì nìyẹn tí àkókò ìkún fi ń sún síwájú ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń ṣì í. Wọ́n á gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ pé aago mẹ́wàá àárọ̀ làwọn lọ, kò sí ewu, àwọn náà á wá mú aago mẹ́wàá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ bá mi ṣírò ìṣẹ́jú 50 lọ́nà méje: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́fà. Ibi tó gbẹ láago mẹ́wàá Sátidé yìí, omi lè ti gbà á láago mẹ́wàá Sátidé tó ń bọ̀. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, òṣùpá àti oòrùn máa ń fa omi lójú ìlà kan náà, omi á kún gan-an, á sì fà jìnnà. Ní etíkun tiwa yìí, irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni ìkún sábà máa ń bọ́ sí ọ̀sán àti òru. Bí òṣùpá bá jẹ́ ààbọ̀, ìkún máa ń bọ́ sí àárọ̀ àti alẹ́, ọ̀sán á sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọjá.

Lápapọ̀, omi máa ń gba ọ̀nà náà láti nǹkan bíi wákàtí méjì ṣáájú ìkún títí di bíi wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú púpọ̀, omi tó bá wọlé ń tàn ká ni, bí ìgbà tí èèyàn da omi sórí atẹ́. Kì í pariwo, kì í fi ìgbì dẹ́rù bani kó tó dé. Ibi tó léwu jù lójú ọ̀nà náà wà nítòsí afárá kékeré kan tó sún mọ́ ilẹ̀ ńlá, níbi tí odò kan ti ń ṣàn kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó kúrò ní erékùṣù á ti wa mọ́tò lórí ọ̀dà gbígbẹ, ọkàn rẹ̀ á ti balẹ̀, kó tó pàdé omi níwájú. Kó tó yí orí ọkọ̀ padà, omi ti wà lẹ́yìn rẹ̀ náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá yẹn, ẹ ó rí àhéré funfun kan tí wọ́n gbé ka orí òpó gíga, tí àtẹ̀gùn wà lára rẹ̀. Ẹni tí omi bá ká mọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Á gòkè síbẹ̀, á pe 999, á béèrè Coastguard, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun, wọ́n á sì fi ọkọ̀ agbẹ̀mílà wá gbé e. Mọ́tò rẹ̀ ní tiẹ̀, omi iyọ̀ ti bà á jẹ́. Bí ẹ bá ń kọjá, ẹ rọra wo ewé òkun tútù tó lẹ̀ mọ́ ọ̀dà, ẹ sì fi àhéré náà han àwọn ọmọ, kí wọ́n mọ ohun tí òbí wọn ń ṣọ́ aago sí.

Northumberland County Council ló ń gbé àtẹ àkókò jáde. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní wákàtí tó dára láti kọjá, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì tún lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lápá méjèèjì. Àtẹ yìí nìkan ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ má tẹ̀ lé app tó ń júwe ọ̀nà, ẹ má sì tẹ̀ lé mọ́tò tó wà níwájú yín. Èmi kì í lo ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn lórí àtẹ náà rárá: bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ọ̀nà dára títí di aago mẹ́rin, aago mẹ́ta ni mo máa ń fẹ́ kí gbogbo wa ti wà lórí ilẹ̀ ńlá. Ìṣirò ni àtẹ náà. Afẹ́fẹ́ líle tó ń ti omi wá sílẹ̀ lè mú kí òkun yára ju ìṣirò lọ, pàápàá bí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́. Ohun tó sì ń dá àgbàlagbà dúró pọ̀: ilé ìtura, bàtà, fọ́tò kan sí i. Ẹ fi ààyè sílẹ̀ fún gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí ẹ tó ṣe ohunkóhun ni pé kí ẹ má tíì san owó ilé tí ẹ máa sùn, kí ẹ má tíì gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, títí ẹ ó fi ṣí àtẹ náà wò tí ẹ ó sì mú ọjọ́ mẹ́ta tó bá yín lára mu. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sanwó ilé tán kí wọ́n tó wo òkun, ibẹ̀ sì ni kánjúkánjú ti ń wọ ìrìnàjò wọn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ lè gbà wọ erékùṣù náà. Èkínní ni kí ẹ wọlé bí ọ̀nà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, kí ẹ lo bíi wákàtí mẹ́rin, kí ẹ sì jáde tipẹ́tipẹ́. Èyí rọrùn bí ọ̀nà bá ṣí láti ọ̀sán dé ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló ń bá yín dé lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá lóṣù Kẹjọ tí àwọn ọmọ wà ní ìsinmi. Èkejì ni kí ẹ wọlé láàárọ̀, kí ẹ jẹ́ kí òkun ti ilẹ̀kùn mọ́ yín, kí ẹ sì jáde nírọ̀lẹ́ tó bá tún ṣí. Nǹkan bíi wákàtí márùn-ún ni ìtìmọ́lé yẹn, ó sì máa ń dùn mọ́ mi, torí pé èrò á ti dínkù, ohùn ẹyẹ àti afẹ́fẹ́ lẹ ó kàn máa gbọ́. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ sùn síbẹ̀. Ká ní Màmá kò ní ìbẹ̀rù kankan, èyí ni mi ò bá yàn fún yín, ṣùgbọ́n ilé ibẹ̀ kéré, ó wọ́n, ó sì tètè máa ń kún fún oṣù Kẹjọ. Ẹ tún rò ó pé kò sí ilé ìwòsàn ńlá lórí erékùṣù náà. Bí ẹnì kan bá dùbúlẹ̀ àìsàn nígbà tí omi wà lójú ọ̀nà, ọkọ̀ òfuurufú tàbí ọkọ̀ ojú omi ló máa gbé e. Bí Màmá bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn tí kò tíì rọlẹ̀, ẹ mú ọ̀nà àkọ́kọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí tó dùn létí tàn yín. Ẹ kó gbogbo oògùn wọn dání, ní iye tó ju ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò lọ. Ọ̀nà kan tún wà tí àwọn arìnrìn-àjò ẹ̀sìn máa ń fẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn, lẹ́bàá àwọn òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ti orúnkún Màmá, kì í sì í ṣe ti àwọn ọmọ yín.

Kí wá ni Màmá fẹ́ lọ rí níbẹ̀? Ní 635, Oswald, ọba Northumbria, ìjọba àtijọ́ tó ni agbègbè yìí nígbà náà, ránṣẹ́ sí erékùṣù Iona ní Scotland pé kí wọ́n bá òun rán ẹni tó máa wàásù fún àwọn èèyàn òun. Aidan ni wọ́n rán, Lindisfarne ni ọba sì fún un. Aidan kò tíì gbọ́ èdè àwọn ará ibẹ̀ dáadáa, ọba fúnra rẹ̀ ló dìde dúró tó ń ṣe ògbufọ̀ fún un, torí pé ó ti gbọ́ èdè Aidan nígbà tó wà lójú ìsáǹsá. Bí mo bá ti sọ ìtàn yìí fún àwọn àgbà ìjọ wa, ṣe ni wọ́n máa ń mi orí, torí wọ́n mọ iṣẹ́ ògbufọ̀ lórí pẹpẹ. Ẹ tún sọ fún wọn nípa Cuthbert, bíṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ràn àdáwà àti àdúrà, tó kú ní 687 lórí Inner Farne, erékùṣù kékeré tí ẹ ó máa rí lọ́ọ̀ọ́kán láti Bamburgh. Nígbà tí wọ́n ṣí pósí rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 11, wọ́n ní ara rẹ̀ kò tíì jẹrà. Àwọn Viking, jagunjagun orí omi láti Scandinavia, ya wọ Lindisfarne ní 793, wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó ẹrù. Ní 875, àwọn mọ́ńkì gbé pósí Cuthbert, wọ́n sì sá kúrò. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì St Mary lórí erékùṣù náà, ère igi ńlá kan wà níbẹ̀ tó fi àwọn mọ́ńkì tó gbé pósí náà lé èjìká hàn. Ẹ jẹ́ kí Màmá jókòó níwájú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì náà kò jìnnà sí àárín abúlé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni àwókù ilé àwọn mọ́ńkì wà, ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn tí àwọn Viking ti lọ tipẹ́. Ẹ fi ilé olódi tó wà lórí àpáta sílẹ̀ fún ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Ó tó bíi máìlì kan sí abúlé, òkúta ni wọ́n tò sójú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gun òkè rẹ̀, orúnkún tó ń dùn kò ní fẹ́ràn rẹ̀. Ohun kan tí ó máa ń já àwọn èèyàn kulẹ̀: Ìwé Ìhìn Rere Lindisfarne, ìwé ọlọ́nà tí wọ́n fọwọ́ kọ síbẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan àti ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn, kò sí níbẹ̀ mọ́. London tí ẹ ń gbé ló wà, ní British Library. Ẹ wádìí bóyá wọ́n pàtẹ rẹ̀ lásìkò náà, kí ẹ mú Màmá lọ wò ó kí ẹ tó gbéra.

Ní ti òkun àti àwọn ọmọ, mi ò fẹ́ kí ẹ fi ojú Èkó wo etíkun yìí. Iyanrìn Bamburgh fẹ̀, ó mọ́, ilé olódi ńlá sì dúró lórí àpáta lókè rẹ̀. N kò tíì rí ẹni tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ tí kò dúró wò ó. Ṣùgbọ́n lóṣù Kẹjọ pàápàá, omi òkun yìí kì í sábà ju dígírì 14 tàbí 15 lọ. Ìyẹn tutù débi pé ẹni tó bá bẹ́ sínú rẹ̀ lójijì, èémí rẹ̀ á já. Ẹ wọ aṣọ rọ́bà tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ, kí wọ́n wọ omi díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tètè fi aṣọ gbígbẹ àti tíì gbígbóná pàdé wọn. Ibi tí àsíá pupa òun yẹ́lò bá wà ni kí wọ́n ti wẹ̀, àárín àsíá méjèèjì ni àwọn agbẹ̀mílà ń ṣọ́. Ẹ má ra ọkọ̀ rọ́bà tàbí béèdì afẹ́fẹ́ fún wọn rárá, torí pé afẹ́fẹ́ tó ń ti ilẹ̀ fẹ́ lọ sókè òkun á gbé e lọ kíá, òkun á sì dà bíi pé ó tòrò lójú yín. Beadnell, tí kò jìnnà sí ìlú etíkun Seahouses, tún tẹ́ mi lọ́rùn fún ọmọdé ju Bamburgh lọ, torí pé etíkun rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, omi rẹ̀ kì í sì í tètè jìn. Ọjọ́ kan lè mọ́ tó jẹ́ pé kùrukùru ni yóò bo etíkun látàárọ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ràn ní máìlì márùn-ún sínú ilẹ̀. Atẹ́gùn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló gba orí omi tútù kọjá tó fi ń rí bẹ́ẹ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ wa mọ́tò wọ inú ilẹ̀ díẹ̀.

Ẹyẹ puffin ńkọ́? Ẹ má ṣèlérí rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Oṣù Kẹrin ni ẹyẹ náà máa ń dé sí àwọn erékùṣù Farne, nígbà tí oṣù Keje bá sì ń lọ sópin, ọ̀pọ̀ wọn ti padà sókè òkun. Seal, ẹranko inú òkun tó máa ń gun orí àpáta sinmi, ni ẹ lè ṣèlérí. Wọ́n wà níbẹ̀ yíká ọdún, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn lọ wò wọ́n láti Seahouses sì wà bí ojú ọjọ́ bá gbà. Màmá lè dúró lórí ilẹ̀ kí wọ́n jẹ ẹja dídín. Ní Bamburgh kan náà, ẹ mú àwọn ọmọ lọ síbi ìtàn Grace Darling, ọmọ olùtọ́jú ilé iná òkun Longstone. Ní oṣù Kẹsàn-án 1838, ọkọ̀ ojú omi Forfarshire fọ́ mọ́ àpáta nínú ìjì. Òun àti bàbá rẹ̀ wa ọkọ̀ ajẹ̀ wọ inú òkun yẹn lọ gba àwọn tó ṣẹ́ kù là. Ọmọ ọdún 22 ni. Ó kú ní 1842, ibojì rẹ̀ wà ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Bamburgh, ilé àkójọ ìtàn rẹ̀ sì wà ní òdìkejì ọ̀nà.

Àwọn méjì tí mo fẹ́ kí ẹ yọ ni Dunstanburgh àti Alnwick. Mọ́tò kò dé Dunstanburgh. Láti abúlé Craster, ẹ ó rin ohun tó lé ní máìlì kan lórí koríko ní àlọ, ẹ ó tún rìn ín ní àbọ̀, àwókù ilé ni ẹ ó sì bá. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró ti Màmá nínú mọ́tò? Bí ẹ bá gba Craster kọjá, ẹ yà ra ẹja níbẹ̀. Ẹja ṣàwá ni wọ́n ń là, tí wọ́n ń fi èéfín igi oak yan títí á fi pọ́n. Màmá á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Alnwick ní tiẹ̀ ń gba ìdajì ọjọ́, owó ìwọlé sí ilé olódi rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré fún èèyàn márùn-ún. Berwick ni kí ẹ fi sílẹ̀, torí pé kò jìnnà sí Lindisfarne, ó sì dára fún dídúró de omi. Ìlú yìí bọ́ lọ́wọ́ England sí Scotland, tí England tún gbà á padà, bí ìgbà 13 kó tó dúró sọ́wọ́ England ní 1482. Odi tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ní 1558 ṣì yí i ká, èèyàn sì lè rìn lórí rẹ̀ láìsanwó. Àmọ́ ẹ di àwọn ọmọ lọ́wọ́ mú, ibi tó ga tí kò sí ọgbà pọ̀ níbẹ̀.

Èmi á fi ọjọ́ kìíní ṣe ọ̀nà nìkan. Láti London dé apá ibẹ̀ lé ní ọ̀ọ́dúnrún máìlì, ọjọ́ kan gbáko ni fún àgbàlagbà. Ẹ yà ní Durham, kí Màmá sinmi nínú kàtídírà ńlá níbi tí wọ́n padà sin Cuthbert sí, kí ẹ tó sùn ní Seahouses tàbí Belford. Ọjọ́ kejì, ohun tí àtẹ bá sọ ni ẹ máa ṣe: Lindisfarne ní wákàtí tó bá ṣí, Berwick ní wákàtí tí kò bá ṣí. Ọjọ́ kẹta, Bamburgh àti òkun láàárọ̀, kí ẹ sì padà sílé lọ́sàn-án, tàbí kí ẹ sùn lọ́nà bí owó bá wà. Ẹ mú káàdígàn àti jákẹ́ẹ̀tì fún Màmá bí oòrùn tiẹ̀ ń ràn ní London, ẹ sì gbé oúnjẹ sínú flásìkì, torí pé ibi tí wọ́n ti ń tajà lórí erékùṣù náà kéré, wọ́n sì lè tètè tì.

Ojú ọjọ́ nìkan ni n kò lè bá yín dá lójú. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ rí gbà kò bá àtẹ mu, tàbí kí Màmá dé etí omi kí wọ́n sọ pé àwọn ò kọjá. Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ má sì fi ẹ̀sìn tì wọ́n lẹ́yìn. Ẹ yí mọ́tò padà sí ṣọ́ọ̀ṣì St Aidan ní Bamburgh. Ibẹ̀ ni Aidan kú sí ní 651, bó ṣe fara ti ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì onígi tó wà níbẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì ní igi tó fara tì ṣì wà nínú àjà ṣọ́ọ̀ṣì náà títí dòní. Ilẹ̀ gbígbẹ ni, ìjókòó wà, kò sì sí wákàtí omi kankan tí ẹ ní láti ṣọ́.